Láti Mile 2 dé Ìbà: Oògùn Ṣáínà, Àgbo Wa àti Ìnira Oògùn HIV

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbà Housing Estate láti Erékùṣù Èkó lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà ni yóò kọ́kọ́ gbé e. Ilé-iṣẹ́ CCECC tó wá láti Ṣáínà ló ṣe ojú irin Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Mile 2 ló ń já wọn sí. Ìjọba ní yóò dé Okokomaiko, ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀, nítorí náà danfo ló kù, kọ̀ndọ́ á sì máa pe "Ìyànà-Ìbà, LASU, Okoko!" títí ọkọ̀ á fi kún. Ọ̀nà Badagry gùn lọ níwájú: Alákijà, Abúlé-Àdó, ọgbà Trade Fair tí wọ́n ṣí ní 1977, bárékè sójà, ibùdókọ̀ Volkswagen tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mọ́tò, lẹ́yìn náà Ìyànà-Ìbà àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjà ni gbogbo ọ̀nà yìí. Ohun tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní ọjà Alaba, tẹlifíṣọ̀n ni o, ẹ̀rọ amúnáwá ni o, páànù sólà ni o, ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà mọ́ ẹrù Ṣáínà ni oògùn, bẹ́ẹ̀ oògùn Ṣáínà ti wọ ilé wa ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Gbogbo ẹni tó ti lo oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní ACT láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ti lo ewé àwọn ará Ṣáínà, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn ìyẹ̀fun, tíì àti kápúsù inú páálí aláwọ̀ pupa àti wúrà, tí alájọṣe kan máa ń tà fún èkejì lẹ́yìn ìsìn tàbí nínú ìpàdé àdúgbò, pẹ̀lú ìlérí pé yóò fọ ẹ̀jẹ̀, yóò fọ kíndìnrín, yóò sì lé májèlé jáde lára. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oògùn Ṣáínà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi ìrìnàjò yìí wò, pàápàá lára ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù: ẹni tó ń lo oògùn HIV lójoojúmọ́, tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ fún, síbẹ̀ tó ń dà á láàmú.

Ìbà Housing Estate wà lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ kiri Èkó láàárín 1979 sí 1983. Wọn ò kọ́ ọ fún olówó, ẹni tó bá sì wo bí àwọn tó ń gbébẹ̀ ṣe ti ojúlé kún ojúlé, tí wọ́n sọ iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọ LASU sì ń gba yàrá kan kan níbẹ̀, yóò rí i pé kì í ṣe olówó ló kún inú rẹ̀ títí dòní. Ní irú àdúgbò báyìí, kẹ́mísì àti alágbo kì í jìnnà síra wọn. Alágbo á gbé agbada rẹ̀ kalẹ̀ ní kùtùkùtù, ìgò á tò sínú rẹ̀ gbọọrọ: àgbo jẹ̀dí, àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn, àgbo ibà, èyí tí wọ́n fi omidùn rẹ àti èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ife kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń wọn fún oníbàárà. Kì í béèrè orúkọ, kì í béèrè káàdì. Ó máa ń béèrè ohun kan tí wọn kì í sábà ráyè béèrè ní ilé ìwòsàn: "Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ gan-an?"

Ẹ jẹ́ ká wo oògùn HIV náà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà báyìí ni wọ́n ń pè ní TLD, hóró kan lóòjọ́, oògùn mẹ́ta nínú hóró kan: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Inú ike ló máa ń wà, ó sì máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí èèyàn bá gbé e, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń dà á sínú ọ̀rá kí ará ilé má bàa bi wọ́n léèrè. Ó rọrùn ju ti ìgbà kan lọ fíìfíì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn HIV ní 2002, stavudine, lamivudine àti nevirapine ni wọ́n ń kó fún àwọn èèyàn. Stavudine máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa ta èèyàn bí ẹni tẹ iná, ó máa ń fa ọ̀rá kúrò lójú àti ní ìdí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi jìn wọlé, débi pé àwọn aládùúgbò ń fi ojú lásán mọ ẹni tó ń lò ó. Ní ìparí 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jáwọ́ nínú rẹ̀. Nevirapine máa ń mú kí ara sú, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Zidovudine máa ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Efavirenz tó tẹ̀lé e ń fa òòyì àti àlá tó ń dẹ́rù bani. TLD náà ò ṣàìní tirẹ̀: àwọn kan kì í rí oorun sùn, orí máa ń fọ́ àwọn mìíràn, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Cameroon àti South Africa sì fi hàn pé àwọn tó ń lo dolutegravir máa ń sanra ju àwọn tó ń lo efavirenz lọ. Tenofovir ní tirẹ̀, kíndìnrín àti egungun ló yẹ kí a máa ṣọ́ nítorí rẹ̀.

Ojú wo ni ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà fi ń wo èyí? Lójú oníṣègùn ibẹ̀, agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ló ń ṣàn yíká ara, ìlera sì ni kí ó máa ṣàn láìdúró, kí tútù àti gbígbóná wà déédéé. Oògùn òyìnbó tó le, ó lágbára láti pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ó tún ní oró tirẹ̀. Bí ẹni tó ń lò ó bá ń bì, qi inú ikùn tó yẹ kó máa sọ̀ ló ń gòkè. Bí ó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, apá tó ń lọ oúnjẹ ti rẹ̀, omi sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ara sísú jẹ́ ooru tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ta jẹ́ ọ̀nà tó dí, tí qi àti ẹ̀jẹ̀ kò lè dé òpin rẹ̀. Fún oníkálukú, oníṣègùn á wo ahọ́n, á di ọwọ́ mú láti ka bí iṣan ṣe ń lù, á wá po egbò àti ewé tó bá ipò rẹ̀ mu. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé dì mú, ni pé wọn ò ní kí aláìsàn dá oògùn HIV dúró. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ewé ń ṣe ni pé kí ó dín oró oògùn kù kí aláìsàn lè máa bá a lọ.

Kò sí Yorùbá tí èyí yóò ṣàjèjì sí. Àwa náà máa ń sọ pé oògùn kan le jù, pé ó ń mú ara gbóná, pé kí a wá nǹkan rọ̀ ọ́. Ìyá tó fún ọmọ ní ewúro lẹ́yìn oògùn ibà kò ka ìwé Ṣáínà kankan, ó gbà pé ohun tó korò ń fọ inú. Ìdí nìyẹn tí páálí pupa àti wúrà yẹn fi rọrùn láti tà ní Ìbà: ohun tí èèyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ike tuntun gbé wá. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tó bá èrò wa mu ni yóò bá ara wa mu.

Ilẹ̀ Ṣáínà ti dán lílo ewé fún àwọn tó ní HIV wò ju ilẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ní agbègbè Henan láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn àgbẹ̀ tálákà ń ta omi ara ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì dá ìyókù padà sára àwọn tó tà á. Báyìí ni HIV ṣe wọ odidi abúlé, dókítà obìnrin kan, Gao Yaojie, ló sì figbe ta títí ayé fi gbọ́. Nígbà tó di 2003, ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń sá fún un nítorí ìnira rẹ̀. Ní 2004 wọ́n gbé ètò mìíràn dìde ní agbègbè márùn-ún, Henan wà lára wọn, láti máa fún àwọn aláìsàn ní egbòogi ìbílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá ti rí i ṣáájú ìyẹn: láti 1987 ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV ní ilé ìwòsàn Muhimbili ní Dar es Salaam, nígbà tí oògùn gidi kò tíì sí fún tálákà Tanzania rárá.

Kí wá ni wọ́n rí? Ní 2005, àwọn olùwádìí kan kó gbogbo àyẹ̀wò tó yanjú lórí egbòogi fún HIV jọ fún àjọ Cochrane. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí, àwọn tó kópa nínú gbogbo rẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀ta, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí tó wà kò tó láti fi ní kí ẹnikẹ́ni lò ó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà fi 250 aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń ta ṣe àyẹ̀wò fífi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ara bíi ti Ṣáínà, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1998: abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tó tọ́ kò ṣe ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà ní àwíjàre kan tí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n ní ibì kan náà ni àwọn òyìnbó gún lára gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣègùn àwọn fi ń wo oníkálukú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí a má lè dán ìyẹn náà wò: jẹ́ kí oníṣègùn yan ibi tó wù ú fún oníkálukú, kí ìdajì gba gidi, kí ìdajì gba ẹ̀tàn, kí ẹni tó ń ka èsì má mọ èwo ni èwo. Ìṣègùn tó bá ń sá fún irú ìdánwò yẹn kò yẹ kó gba owó lọ́wọ́ òtòṣì.

Ohun kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ, bí a ò bá sì ṣọ́ ọ, gbogbo ẹ̀rí ẹnu lásán ni yóò dà bí òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ìnira oògùn HIV kì í pẹ́. Òòyì efavirenz máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Orí fífọ́ àti inú rírú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ TLD náà máa ń rọlẹ̀ bí ara bá ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìnira bá le jù ni èèyàn máa ń wá ìrànlọ́wọ́, ìyẹn sì ni ìgbà tó kù díẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó mu àgbo tàbí tíì Ṣáínà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò fi gbogbo ẹnu jẹ́rìí pé ewé ló ṣe é, kò sì purọ́. Àmọ́ ara ẹni tí kò mu nǹkan kan ní ojúlé kejì balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún kan náà, kò kàn ní ẹni tó ń bi í léèrè ni.

Àwọn kan á ní: ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni àwọn ará Ṣáínà ti ń lo ewé wọn, bí ó bá ń pani, ṣé wọn ò ní ti mọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń ṣẹ́gun nínú àríyànjiyàn, ó sì tọ́ ká dúró tì í. Ohun tó pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà á mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì kìlọ̀. Ohun tó ń pani lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní ẹlẹ́rìí. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fún àwọn obìnrin kan ní ewé Ṣáínà nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọn. Ewé kan tó ń jẹ́ Aristolochia ti gba ipò èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ nítorí pé orúkọ wọn ní Ṣáínà jọra. Kíndìnrín àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́, lẹ́yìn náà jẹjẹrẹ wá tẹ̀lé e lára àwọn kan nínú wọn. Irú ewé Aristolochia wà nínú ìṣègùn Ṣáínà láti ayébáyé. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Kí ẹni tó ń lo tenofovir rántí èyí dáadáa, nítorí kíndìnrín kan náà ni oògùn rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ó bá ti ń mu ohun tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé kíndìnrín ti ń rẹ̀, TLD ni dókítà á di ẹ̀bi rù, wọ́n á sì lè gba oògùn tó ń gbà á là lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Kì í sì í ṣe májèlé nìkan ni ewu. Ohun tó dára fún ara lè dí oògùn lọ́nà. Dolutegravir máa ń lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, ayọ́ọ̀nù, magnesium àti aluminium bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, ara kò sì ní lè fa oògùn náà wọlé tó. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí èèyàn lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn tó ń pa omi kíkan inú, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Kálísíọ̀mù àti ayọ́ọ̀nù náà bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ wá wò ó: ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń tà jù nínú àwọn páálí tó ń ti Ṣáínà wá ni ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù fún egungun, àárọ̀ kùtù sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pò ó mu, kí wọ́n tó jẹun, ní wákàtí kan náà tí wọ́n ń lo TLD. Kò sí májèlé níbẹ̀, kò sí ayédèrú, ẹni tó tà á kò lérò ibi. Síbẹ̀ kòkòrò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀dí. Aáyù inú ọbẹ̀ wa pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní kápúsù aáyù pẹ̀lú saquinavir, oògùn HIV ìgbà kan, iye oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ sì jábọ́ sí nǹkan bí ìdajì. A ò lo saquinavir ní Ìbà lónìí, aáyù inú ọbẹ̀ kò sì tó ti kápúsù, ẹ má bẹ̀rù ọbẹ̀ yín. Ohun tó kọ́ wa ni pé "ewé lásán ni" kì í ṣe èsì.

Kì í ṣe ewé ni mo wá bú o. Ewé méjì ló fi hàn bí ọ̀nà ṣe yẹ kó rí. Àkọ́kọ́ ni ewé ibà Ṣáínà tí mo mẹ́nu bà. Oníṣègùn Ṣáínà kan, Ge Hong, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, pé kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi kí wọ́n sì fún un. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ka ọ̀rọ̀ yìí, ó rí i pé wọn ò ní kí wọ́n sè é, ó wá yé e pé ooru ló ń pa agbára rẹ̀. Ó fi ohun tí kò béèrè iná púpọ̀ fà á jáde, ní 1972 ó ti yọ artemisinin sọ́tọ̀, ó fi ara rẹ̀ dán an wò, àwọn mìíràn sì dán an wò lẹ́yìn rẹ̀ títí ayé fi gbà. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ìwé àtijọ́ ló tọ́ka ọ̀nà, ṣùgbọ́n Tu kò pa àyẹ̀wò tì nítorí rẹ̀. Èkejì sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju ìyẹn lọ. Igi kan wà ní igbó Amazon tí oje rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, àwọn onílé ibẹ̀ sì fi ń wo ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú oje yìí ni wọ́n ti yọ crofelemer, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 2012 fún ìgbẹ́ gbuuru tó ń yọ àwọn tó ń lo oògùn HIV lẹ́nu. Ewé fún ìnira oògùn HIV gan-an nìyẹn, ó kọjá ìdánwò, ó sì yè é. Ẹni tó bá sọ pé àwọn òyìnbó kórìíra ewé kò tíì wo ibí yìí.

Àtakò tó wúwo jù lọ kì í wá láti ọ̀dọ̀ alágbo, ọ̀dọ̀ dókítà ló ti ń wá. Wọ́n á ní bí ẹ bá ti fi àyè gba ewé létí oògùn, ewé á gbapò oògùn. Wọ́n ní ìdí. Lóṣù kìíní 2007, Yahya Jammeh tó jẹ́ ààrẹ Gambia kéde pé òun lè fi ewé wo HIV sàn. Wọ́n kó àwọn aláìsàn jọ, wọ́n ní kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn ilé ìwòsàn, wọ́n ń fi nǹkan pa wọ́n lára níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan sì kú. Ní South Africa, mínísítà ìlera, Manto Tshabalala-Msimang, ń fi aáyù àti bíìtùrúùtù yangàn nígbà tí ìjọba Thabo Mbeki ń fà sẹ́yìn lórí oògùn. Àwọn olùwádìí láti Harvard ṣírò ní 2008 pé ìfàsẹ́yìn náà gba ẹ̀mí tó lé ní 330,000. Nílé wa níbí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Umudike sọ ní 2017 pé òun ti rí oògùn tó ń lé HIV lọ pátápátá, magnesium àti aluminium ló sì ní ó wà nínú rẹ̀, àwọn irin méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní dolutegravir kì í fẹ́ bá pàdé. Àjọ NACA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ HIV ní Nàìjíríà ní kí àwọn èèyàn má tẹ̀ lé e. Ẹ tún rántí oṣù kìíní 2025 nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró, tí ìjọba Nàìjíríà fi ní láti sáré fọwọ́ sí owó láti ra 150,000 páálí oògùn. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn pé oògùn lè má dé mọ́, ta ni yóò kọ etí ikún sí ẹni tó ní òun ní ewé?

Síbẹ̀ mo rò pé àwọn dókítà ń fi àpẹẹrẹ yìí gbèjà ohun tí kò tọ́. Jammeh kò fi ewé létí oògùn, ó gba oògùn kúrò lọ́wọ́ wọn ni. Ètò Ṣáínà lòdì sí ti Jammeh níbi tó ṣe pàtàkì jù: oògùn wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀, orúkọ méjèèjì sì lè wọ inú fáìlì kan náà, nítorí pé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti dókítà sábà máa ń wà nínú ilé ìwòsàn kan, owó ìjọba ló sì ń san fún àwọn méjèèjì. Bí mo bá ní kí a yá nǹkan kan lọ́wọ́ Ṣáínà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ewé wọn, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tíì yege. Fáìlì yẹn ni. Ní Ìbà, nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tí alágbo fún aláìsàn, alágbo kò mọ̀ pé aláìsàn ń lo TLD, aláìsàn nìkan ló mọ méjèèjì, ó sì ti kọ́ pé kí òun pa ẹnu mọ́ ní ibi méjèèjì. Wọ́n bá a wí rí ní ilé ìwòsàn pé, "Màmá, àgbo ni ẹ tún ń mu?" níwájú èrò, kò sì ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àṣírí tí a fi bo ewé yìí ló léwu ju ewé fúnra rẹ̀ lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ̀, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù kò ju kí a sún aago rẹ̀ sí ọ̀sán lọ. Bí àgbo bá ní ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á tètè fi hàn bí ẹni tó kọ àyẹ̀wò bá mọ ohun tó yẹ kó wá.

Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè pàápàá ní láti yàtọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ará Ìbà bóyá ó ń lo oògùn ìbílẹ̀, rárá ni yóò sọ, tọkàntọkàn, nítorí àgbo jẹ̀dí tó ń mu láràárọ̀ kì í ṣe oògùn lójú rẹ̀, bí omi ìfọnu ló rí. Tíì Ṣáínà náà, tíì ni. Kí wọ́n dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àgbo jẹ̀dí ńkọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́, tíì tí wọ́n fi ń fọ inú ńkọ́, ìyẹ̀fun egungun ńkọ́? Kí wọ́n sì béèrè láìfajúro. NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ní òfin tirẹ̀ lórí egbòogi tí a dì sínú ike, pé kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àjọ náà kò yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìgò inú agbada kò ní ìwé lára, ìwé ara páálí sì kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì kò lè kà á.

Ibi tí ètò Ṣáínà kò ti ní bá Ìbà mu ni ọ̀nà jíjìn, ìrìnàjò sì ló ń fi èyí hàn ju ìwé lọ. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní HIV ti wà láti 2014, àmọ́ òfin kì í di aládùúgbò lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba oògùn wọn nítòsí ilé, wọ́n á wọ ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà LASU lọ sí Ìgandò, tàbí kí wọ́n gba ìlú lọ sí ibùdó ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yaba, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n má bàa rí wọn lórí bẹ́ńṣì. Oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bí ìnira bá dé lóru ọjọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Yaba, alágbo wà ní ẹnu géètì. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo nígbà náà. Nàìjíríà ti dán an wò pé kí ilé oògùn tó ní apòògùn oníwèé ẹ̀rí máa fún àwọn tí ara wọn ti balẹ̀ ní oògùn HIV ní àdúgbò, ní yàrá tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láti ra Panadol. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ lójú mi ni pé apòògùn ni ẹni tó mọ ohun tó lè pàdé ohun wo nínú ikùn, òun náà ló sì lè ka ẹ̀yìn páálí Ṣáínà fún ẹni tó rà á. Wàhálà ibẹ̀ ni owó, nítorí wọ́n máa ń gba nǹkan díẹ̀ fún iṣẹ́ wọn níbi tí ilé ìwòsàn ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí a ń pè ní kẹ́mísì kò ní apòògùn kankan nínú: ìwé àṣẹ láti ta oògùn inú páálí ni wọ́n ní. Ẹni tó bá fẹ́ mú ètò yẹn dé Estate gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye apòògùn gidi tó wà láàárín Ìyànà-Ìbà sí Okokomaiko, kí ó sì mọ ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ wọn.